Ẹ Má Gbin Igi Sójú Ọjà Ẹyẹ: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Sanwó Gbígbin Máńgúrófù sí Erékùṣù Etíkun

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní àwọn àjọ aláàánú, ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó kí wọ́n lè gbin igi máńgúrófù yí àwọn erékùṣù etíkun ká,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. A ò kọ̀wé yìí láti bá máńgúrófù jà o. Igi tó ń gba ìgbì òkun sára kó má bàa jẹ etí ilẹ̀, tí ọmọ ẹja àti akàn ń sá sí lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, ta ni yóò kórìíra rẹ̀? Ibi tí ẹ ń gbìn ín sí la wá bá yín sọ. Nínú àwòrán iṣẹ́ yín, ohun kan náà la máa ń rí: ẹrẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ létí erékùṣù, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀, àwọn èèyàn tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, wọ́n ń fi ọmọ igi gún un ní mítà kan sí ara wọn. Nínú ìwé àbá iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ilẹ̀ òfìfo" ni. Kò ṣófo rárá. Ó lónílé, ẹyẹ etíkun ni. Onílé ọ̀hún kàn lọ sápá kejì ni títí omi yóò fi fà tán.

Ẹ bu ẹrẹ̀ ìkúnwọ́ kan níbẹ̀, ẹ fi omi òkun ṣàn án lórí asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju mílímítà 1 lọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù: ekòló òkun tó ń ká ara rẹ̀, edé tó kéré ju èékánná lọ, ìgbín wínníwínní, àwọn ẹ̀dá inú ìkarahun méjì tí wọ́n ti pa ẹnu dé. Lójú ẹrẹ̀ gan-an, kí ẹ tó bù ú, awọ kan wà tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ewédò tí ojú lásán kò rí àti bakitéríà ló hun ara wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ western sandpiper tilẹ̀ máa ń fi ahọ́n lá awọ yìí jẹ, nítorí irun tín-tìn-tín wà létí ahọ́n rẹ̀ tó fi ń gbá a jọ. Ọjà ni ẹrẹ̀ yìí. Bí omi bá fà, ó ṣí. Bí omi bá kún, ó tú. Ẹyẹ tí kò bá yó láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, ó di ìgbà tí omi bá tún fà, ì báà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru.

Ẹyẹ red knot yóò jẹ́ kí ohun tí à ń wí yé yín. Ẹnu rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀. Ó ń rìn, ó ń gún ẹrẹ̀ lemọ́lemọ́ bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì ìránṣọ. Kò dìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá kan ìkarahun kó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: bó ti ń ti ẹnu bọ ẹrẹ̀ tútù, omi tó wà láàárín hóró iyanrìn ń sún, bí nǹkan líle bá wà nítòsí, sísún omi náà á yàtọ̀, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n lára. Á fa ìkarahun náà yọ, á gbé e mì lódindi, iwe rẹ̀ ni yóò fọ́ ọ. Ẹrẹ̀ tútù tó ṣí gbayawu nìkan ni ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ fi gbòǹgbò hun inú rẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀, ó parí.

Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ níbẹ̀ kì í ṣe ará ilé nìkan. Lọ́dún 2022, ọmọ ẹyẹ bar-tailed godwit kan tí wọ́n so ẹ̀rọ atọpinpin mọ́ lára gbéra láti Alaska, ó balẹ̀ sí Tasmania lẹ́yìn ọjọ́ 11. Kìlómítà 13,560 ló fò láìbalẹ̀, láìjẹ, láìmu. Kò lè balẹ̀ sórí òkun kó sinmi, nítorí kì í ṣe ẹyẹ alùwẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Kí irú rẹ̀ tó gbéra, ọ̀rá nìkan lè tó ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀, iwe àti ìfun rẹ̀ á sì sún kì kí ara lè fúyẹ́. Ẹrẹ̀ ló ti ń kó ọ̀rá yẹn jọ, ẹrẹ̀ náà ló sì ń balẹ̀ sí nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbẹ tán.

Àwọn kan máa ń dá wa lóhùn pé ẹyẹ níyẹ̀ẹ́, kó fò lọ síbòmíràn. Ní Saemangeum, ní Kòríà Gúúsù, wọ́n fi ògiri òkun tó gùn ní kìlómítà 33 dí ẹnu ẹrẹ̀ ńlá kan pa lọ́dún 2006. Ọ̀kan nínú ibi tí ẹyẹ great knot fẹ́ràn jù láyé láti dúró jẹun lójú ọ̀nà ni. Àwọn tó ń ka ẹyẹ wá wọn lọ sí àwọn ẹrẹ̀ tó wà nítòsí, wọn kò bá iye tó pòórá níbẹ̀. Ní Australia, níbi tí wọ́n ti ń lo ìyókù ọdún, iye wọn lọ sílẹ̀. "Ibòmíràn" tí ẹ ń sọ, ẹyẹ mìíràn ti wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ́. Ti erékùṣù tiẹ̀ tún burú sí i. Apá tí ìgbì kò ti lágbára nìkan ni ẹrẹ̀ ti ń rọra jókòó, lẹ́yìn erékùṣù, ó lè má ju hẹ́kítà mélòó kan lọ. Apá kan ṣoṣo yẹn náà ni ẹni tó fẹ́ gbin igi máa ń yàn, torí pé omi ibẹ̀ parọ́rọ́.

Ohun tó wá ń dùn wá jù ni pé ọ̀pọ̀ igi ọ̀hún kì í yè. Ẹyẹ pàdánù, igi náà kú, owó lọ. Jurgenne Primavera, onímọ̀ nípa etíkun ní Philippines, àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wo ọ̀pọ̀ ọdún gbígbin máńgúrófù ní orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008: ìdá 10 sí 20 nínú 100 péré ló ń yè. Ní Sri Lanka, lẹ́yìn ìjàm̀bá omi òkun ti ọdún 2004, wọ́n gbìn ín sí ibi 23. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé ibi 9 nínú wọn kò ní ẹyọ igi kan tó kù lórí ìdúró. Nínú hẹ́kítà tó lé ní 1,000 tí wọ́n gbìn, nǹkan bí 200 sí 220 ló yọrí sí rere.

Kí ló ń pa wọ́n? Máńgúrófù kì í ṣe ewédò. Ó fẹ́ kí omi òkun bo ẹsẹ̀ òun, ó sì tún fẹ́ kí omi náà kúrò pẹ́ dáadáa kí gbòǹgbò lè mí. Ẹrẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Ihò wínníwínní tó wà lára gbòǹgbò tó yọ síta ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí omi bá pẹ́ lórí ihò wọ̀nyẹn jù, igi á kú bí ẹni tí wọ́n fún nímú. Ní ìpele agbedeméjì òkun, omi máa ń bo ilẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ọjọ́. Òkè ìpele yẹn ni máńgúrófù ń gbé. Robin Lewis, ará Amẹ́ríkà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí títún igbó máńgúrófù ṣe, fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀ tó rọrùn láti há sórí: kí omi má bo ilẹ̀ ju ìdá 30 nínú 100 àkókò lọ. Nínú wákàtí 24, ìyẹn jẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ẹyẹ ń jẹ lórí rẹ̀, omi lè bò ó fún wákàtí 12, ó lè jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ wo ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbìn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹ óò bá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ sí apá kan, ewé mẹ́ta tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lórí rẹ̀. Láti ìdí dé àárín, barnacle, àwọn ẹ̀dá oníkarahun tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi yẹn, ti bò ó bí èépá. Wọ́n wúwo ju igi fúnra rẹ̀ lọ, ìgbì kékeré tó bá dé á sì tì í lulẹ̀. Ọ̀rá náílọ̀n tí omi gbé wá lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Rhizophora sì ni, irú máńgúrófù kan náà tí ẹ máa ń gbìn níbi gbogbo. Kì í ṣe pé òun ló yẹ ibẹ̀: èso rẹ̀ ló gùn tó ọ̀pá, ó ti hù lórí ìyá rẹ̀ kó tó já, ọmọdé pàápàá lè kó o jọ kó sì gún un mọ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ etíkun, Avicennia tàbí Sonneratia, àwọn irú máńgúrófù mìíràn, ló máa ń ṣíwájú síhà òkun. Èso tiwọn kéré, wọ́n fẹ́ ilé ìtọ́jú irúgbìn àti sùúrù, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí wọn nínú àwòrán yín.

Wíwọn ilẹ̀ kí ẹ tó náwó kò nira. Ẹ wá ẹsẹ̀ igi máńgúrófù àdánidá tó kángun sí òkun jù ní agbègbè náà, ẹ kan òpó àkọ́kọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì kan àwọn yòókù ní ìlà kan títí dé ibi tí ẹ fẹ́ gbìn sí. Ẹ wá róbà omi tó mọ́ gaara, tó gùn ní mítà 20, ẹ rọ omi sí i, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán. Bí ìfóòfó afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo bá há sínú rẹ̀, ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́. Ojú omi ní ẹnu róbà méjèèjì máa ń wà ní ìpele kan náà, nítorí náà, láti òpó dé òpó, ẹ óò mọ iye sẹ̀ǹtímítà tí ilẹ̀ fi rẹlẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Lórí ẹrẹ̀ tó ń rẹlẹ̀ ní mítà 1 nínú mítà 1,000, ẹni tó bá ti rin mítà 300 kọjá ẹsẹ̀ igi tó kángun ti sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ojú rẹ̀ á sì máa sọ fún un pé pẹrẹsẹ lòun wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀fun kun àwọn òpó náà kí ẹ lè rí ibi tí omi ti fọ̀ ọ́ dé, kí ẹnì kan sì jókòó ti ìwé àti aago, kó máa kọ wákàtí tí omi dé ìdí òpó kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó kúrò. Ọjọ́ kan kò tó. Nígbà òṣùpá tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú, omi máa ń kún jù, ó sì máa ń fà jù. Láàárín méjèèjì, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ọjọ́ 15 ni kó kéré jù. A ti rí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi ìwọ̀n ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo kọ, tó sì bọ́ sí àárín òṣùpá, àfi bí ẹni fi òjò ọjọ́ kan mọ bí ọdún ṣe máa rí.

Ẹ tún wá àwòrán àtijọ́ tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú tàbí láti sátẹ́láìtì. Bí máńgúrófù kò bá sí lórí ẹrẹ̀ náà láti ìgbà tí àwòrán ti wà, a jẹ́ pé ohun tí ẹ ń ṣe kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ ń sọ irú ilẹ̀ kan di irú mìíràn ni.

Ẹyẹ kíkà ńkọ́? Àwọn tí ẹ ń rán sábà máa ń lọ nígbà tí omi bá kún, torí pé ìgbà yẹn ni ẹyẹ kóra jọ sójú kan tó rọrùn láti kà. Iye náà lè péye, àmọ́ ibi tí wọ́n ń sùn ló ń sọ, kò sọ ibi tí wọ́n ń jẹ. Ẹ pín ẹrẹ̀ sí ìpín-ìpín pẹ̀lú òpó, kí ẹ ka ìpín kọ̀ọ̀kan ní wákàtí wákàtí láti ìgbà tí omi bá ti ń fà títí tó fi padà, pẹ̀lú awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Bí agbo bá pọ̀, ẹ ka ẹyẹ 10, ẹ wo ààyè tí wọ́n gbà, kí ẹ fi ààyè yẹn wọn ìyókù. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn kéékèèké tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ńlá. Ẹ ṣe é yí ọdún po. Àwọn tó ń ti àríwá bọ̀ máa ń kọjá ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, wọ́n sì máa ń padà ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún àkọ́kọ́ kì í padà, wọ́n ń dúró sórí ẹrẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà lọ yé ẹyin. Ẹni tó bá kà ní oṣù kan ṣoṣo lè sọ pé kò sí ẹyẹ, kó má sì purọ́.

Bí iye tí ẹ kà bá tó 20,000 ẹyẹ omi, tàbí bó bá tó ìdá 1 nínú 100 gbogbo irú ẹyẹ kan tó ń gba ọ̀nà náà, ibẹ̀ ti kúnjú òṣùwọ̀n àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1971. Irú ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń jiyàn ọmọ igi lé lórí mọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo oúnjẹ tó wà fún ẹyẹ níbẹ̀: ẹ gbé páìpù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ tì í wọ ẹrẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 4 òkè sọ́tọ̀ kí ẹ tó jọ̀ ọ́. Ohun tó wà nínú apá òkè yẹn ni ẹnu kúkúrú lè kàn. Èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹyẹ curlew ẹlẹ́nu gígùn ló ni ín.

Ó ku ibi tí igi náà bá yè. Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló ń bà wá jù. Igi á mú ẹrẹ̀ dúró, ilẹ̀ á ga, omi á máa ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ẹyẹ kò ní lè rí àṣá tó ń bọ̀ lọ́nà jíjìn, wọn á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí igi tó dé ibi tí wọ́n wà gan-an. Ní Mai Po, ní Hong Kong, àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ máa ń fọwọ́ tu ọmọ máńgúrófù kúrò lórí ẹrẹ̀ kí ó má bàa pa á dé mọ́ ẹyẹ. Ní erékùṣù Chongming, lẹ́nu odò Yangtze, koríko ni, kì í ṣe igi. Wọ́n mú koríko náà, Spartina, wọ China lọ́dún 1979 kó lè di ẹrẹ̀ etíkun mú. Ó di í mú lóòótọ́. Ó tàn dé ìlà-oòrùn Chongming, ní Dongtan, tó jẹ́ ilẹ̀ Ramsar láti ọdún 2002, ó sì ga, ó ki débi pé ẹyẹ kò rí ẹsẹ̀ gbé sí. Láti ọdún 2013, wọ́n ní láti mọ ògiri yí ilẹ̀ tó tó kìlómítà 24 níbùú lóròó ká, wọ́n gé koríko náà, wọ́n fi omi tó jìn rì í fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, wọ́n gbin koríko ìbílẹ̀ padà, wọ́n sì ń ṣàkóso omi rẹ̀ títí di òní. Ẹyẹ padà, Dongtan sì wọ àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé UNESCO lọ́dún 2024. Ẹ wo iṣẹ́ tó gbà láti tú ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn.

Ibi tó yẹ kí owó yín lọ wà. Àwọn adágún ẹja àti edé tí wọ́n gbẹ́ sínú igbó máńgúrófù tí wọ́n sì pa tì, ọ̀nà tí wọ́n là kọjá tó dí omi òkun lọ́wọ́, ilẹ̀ tí wọ́n da ẹrẹ̀ tí wọ́n wú nínú omi lé lórí. Primavera sọ ojú abẹ níkòó lórí ìdí tí wọn kì í fi í gbin ibẹ̀: adágún ní olówó, ẹrẹ̀ iwájú òkun kò ní ẹni tí yóò bá wọn du ú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi, agbẹjọ́rò yóò sì wúlò fún yín níbẹ̀ ju ọmọ igi 10,000 lọ.

Bí ẹ bá rí adágún gbà, ẹ fi àwòrán àtijọ́ wá ibi tí odò kékeré ti ń gba inú rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì gé ògiri rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gé e jìn dé ìpele odò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á wọlé kò ní lè jáde tán, ilẹ̀ á máa rin gbingbin. Bí ẹnu tí ẹ là bá tóóró jù, omi á máa sáré gba ibẹ̀, á gbẹ́ kòtò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí ìsàlẹ̀ adágún gbẹ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má sì fi ẹrẹ̀ dúdú tí ẹ wú síta sínú oòrùn. Èròjà súfúrù wà nínú rẹ̀ tó ń di ásíìdì bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbé e lọ pa ẹja. Ẹ wọn ìsàlẹ̀ adágún pẹ̀lú róbà kan náà. Bó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí omi òkun kó ẹrẹ̀ wọ̀ ọ́ títí yóò fi ga. Láàárín ìgbà yẹn, ẹyẹ á máa jẹ níbẹ̀, kò sì sóhun tó burú nínú ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ọdún kan tàbí méjì. Bí igi tó ń so bá wà nítòsí, omi fúnra rẹ̀ ni yóò gbé èso wá, oríṣiríṣi, sí ìpele tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Ìgbà tí èso kò bá dé nìkan ni kí ẹ tó gbin nǹkan.

Ẹ bá wa yí ìwé àdéhùn padà pẹ̀lú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń sanwó lórí iye ọmọ igi tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, orí ẹrẹ̀ ni alágbàṣe yóò máa lọ, torí ibẹ̀ ló tẹ́jú, ibẹ̀ ló yá. Ẹ san apá kan fún wíwọn ilẹ̀ àti kíka ẹyẹ, apá kan fún ògiri tí wọ́n gé, kí ẹ di ìyókù mú títí di ọdún karùn-ún, kí ẹ sì fi hẹ́kítà tí igi ààyè bò san án.

Ní ti àwọn tí ẹ ti gbìn sórí ẹrẹ̀ ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n tu wọ́n nísinsìnyí tí wọ́n ṣì kéré, kí gbòǹgbò tó dì. Ẹ mú nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ wà lápá àríwá. Ẹ kó òpó, okùn àti ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi gbé ọmọ igi wá kúrò pẹ̀lú; okùn máa ń lọ́ mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ má rìn káàkiri bó ṣe wù wọ́n: ẹsẹ̀ tó rì dé orúnkún ń fọ́ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀, ó sì ń fi kòtò sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìkún omi kò ní tètè dí. Ẹ fún wọn ní pátákó fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ́ tí wọ́n lè máa tì lọ síwájú lórí ẹrẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀ lé e, kí wọ́n máa tu igi láti orí rẹ̀, kí wọ́n sì gba ojú kan náà padà sí èbúté.

Àwa tí à ń ka ẹyẹ etíkun